Ọmọ Ilé-Ìwé Nímọ́tà ní Òkè-Ìlá

Èmi Folúkẹ́ ni mo ń kọ ìwé yìí. Yàrá tó kọjú sí kànga ni mo háyà nílé Bàbá Ọmọ́níyì Oyèmọ́lá ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì, iṣẹ́ títẹ̀wé ni mo sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Bàbá ló ń sọ̀rọ̀, èmi ń kọ. Àgbẹ̀ ni bàbá tó bí wọn, oko ló mú wọn lọ, wọn kò sì jókòó sí ilé-ìwé rí. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè, olùkọ́ ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n di ọmọ ilé-ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Bàbá gbà. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ fún àwọn ọmọ àwọn ní Èkó pé àwọn ti wọ ilé-ìwé, irọ́ ni wọ́n máa pè é, àfi tó bá wà nínú ìwé. Èdè Adó ni Bàbá ń sọ, ọmọ Ìwó ni èmi. Mo ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kọ Yorùbá. Ibi tí èmi fúnra mi bá ti ní ọ̀rọ̀, inú àkámọ́ ni mo máa fi í sí. Bàbá ní kó má pọ̀ jù.

Ajé, 12 Ṣẹ́rẹ́ 1998

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ yìí. Ètè mi ti là. Bámgbóyè dé pẹ̀lú ọmọ méjì. Ọkùnrin ń jẹ́ Ọlátúndé, ẹnu rẹ̀ yá. Obìnrin ń jẹ́ Nímọ́tà, ọmọ Sùnmọ́nù tó ń ta aṣọ, àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ti pẹ́ ní Adó. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, kò sì dìde títí mo fi ní kó dìde lẹ́ẹ̀kejì.

Bámgbóyè ní ìdánwò ìkọ́ni wọn ń bọ̀ ní Ìgèdè, ní kíláàsì àwọn àgbà, níbi tí àwọn awakọ̀ àti télọ̀ àti àgbẹ̀ ti ń kàwé lọ́sàn-án. Olùdánwò kan yóò wá láti ibòmíràn, yóò jókòó sẹ́yìn, yóò máa wò wọ́n. Ó ní Nímọ́tà ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tún kùnà, kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò lé e lọ sílé.

Mo ní, "Ṣé kò mọ ìṣirò ni?"

"Bàbá, nínú gbogbo kíláàsì mi, òun ló mọ̀ ọ́n jù."

"Kí wá ló ṣe é?"

"Kò lè sọ fún àgbà pé ó ṣì í."

Ó ní nígbà tó lọ sí Ìgèdè kẹ́yìn, bíríkìlà kan dáhùn, kò tọ̀nà, ọmọ yìí ní, "Ẹ ṣeun sà, ó kù díẹ̀." Ẹlòmíràn tún dáhùn, òun náà kò tọ̀nà. "Ẹ ṣeun sà, ó kù díẹ̀." Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí pátákó. Nígbà tí aago lù, èsì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó yẹ kó mú lọ sílé.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ní Adó níbí, "ìwọ" là ń pe bàbá wa nínú èdè wa, ọ̀run kò sì ya lulẹ̀. (Ní Ìwó, ẹni tó bá dán an wò kò ní jẹun alẹ́.)

"Kí ni ẹ wá fẹ́ kí èmi ṣe sí i?"

Bámgbóyè ń wo ilẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú o. Gbogbo Òkè-Ìlá ló mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè sọ fún yín pé ẹ ṣì í. Bí Nímọ́tà bá lè sọ ọ́ fún yín, kò sí àgbà kan ní Ìgèdè tó máa bà á lẹ́rù."

Ìyàwó mi, Ìyá Gbénga, pariwo láti ilé ìdáná: "Òótọ́ ọ̀rọ̀!"

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Ọjọ́rú, 14 Ṣẹ́rẹ́

Ilẹ̀kùn àtijọ́ kan tí a yọ lára yàrá ẹ̀yìn la fi ṣe pátákó. Ọlátúndé ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Mo dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi bí ẹni na pàṣán, ó ní, "Rárá, Bàbá, ẹ ṣì í. Ẹ tiẹ̀ ṣì í pátápátá."

Mo ní kó jáde nílé mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ dúró létí kànga, ó bá Ìyá Gbénga fa omi, ó sì padà wọlé bí ẹni tí a kò lé. Mo sọ fún Bámgbóyè pé kó máa mú eléyìí lọ sí Ìgèdè bó bá ṣe wù ú, kò ní ìṣòro kankan.

Ó kan Nímọ́tà. Ó ń gba ààwẹ̀, ohùn rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, tí a bá pín iṣu kan sí méjì tó dọ́gba, kí là ń pe ọ̀kan?"

"Ìdajì."

"Ẹ ṣeun sà! Ẹ ṣeun gan-an ni sà!"

N kò tíì rí ẹni tó dúpẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nítorí ìdajì iṣu. Inú mi dùn sí ilé-ìwé.

Ajé, 19 Ṣẹ́rẹ́

Lónìí ó bi mí pé bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún ìdajì, kí ni yóò jẹ́. Mo ní kò le: ọ̀kan àti ọ̀kan jẹ́ méjì, méjì àti mẹ́ta jẹ́ márùn-ún. Ìdá méjì nínú márùn-ún.

Ó wo pátákó. Ó wò mí. Mo ní bí kò bá gbà, kó wá wò ó. Mo mú ọsàn nínú agbọ̀n. Ọsàn méjì rèé, ọ̀kan ti bàjẹ́. Ọsàn mẹ́ta rèé, ọ̀kan ti bàjẹ́. Mo dà wọ́n pọ̀. Mélòó ló bàjẹ́ nínú mélòó? Méjì nínú márùn-ún!

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ló wí. Ó tún ní, "Ó… ó kù díẹ̀ sà."

"Kí ló kù?"

"Díẹ̀ náà ni sà."

Ó nu pátákó. Mo lọ jókòó sí iwájú ilé, mo sọ ti ọsàn náà fún gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 22 Ṣẹ́rẹ́

Kò sí kẹrosíìnì níbi kankan. Ìyá Gbénga fi igi dáná, èéfín bò wá mọ́lẹ̀, gbogbo wa sunkún lórí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Àbámẹ́ta, 24 Ṣẹ́rẹ́

Nímọ́tà dá wá lónìí. Ó bá mi jókòó sórí pèpéle. Ó ní ilé-ìwé kan ní Ìgbẹ̀mọ ti ní àwọn ń dúró de òun láti wá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò bí òun bá gba ìwé ẹ̀rí. Bí òun kò bá gbà á, bàbá òun ti sọ pé ṣọ́ọ̀bù aṣọ lòun yóò padà sí, òun yóò máa fi ọ̀pá wọn aṣọ títí wọn yóò fi gbé òun níyàwó.

Mo ní kí ló ń bà á lẹ́rù lára èmi.

"Ẹ̀yin kọ́ sà. Tí mo bá ti fẹ́ ní 'ẹ ṣì í' báyìí, ojú bàbá mi ni mo máa ń rí. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í sọ 'rárá' fún wọn. Ìyá mi pàápàá kì í sọ ọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọmọ tó dára ni. Ní ọjọ́ ààwẹ̀ pàápàá, ó ń bá Ìyá Gbénga gún iyán tí òun kò ní jẹ. Mo ti pinnu: bí Bámgbóyè bá dé ní ọjọ́ Ajé, màá sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ ti yé mi, kó lè fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ fún ìdánwò. (Bàbá ní kí n pa gbólóhùn yìí rẹ́ lẹ́yìn náà. Mo kọ̀.)

Ajé, 26 Ṣẹ́rẹ́

Bámgbóyè dé. Mo ní, "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n kọ́. Ó yé mi kedere."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá, ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ni àpapọ̀ wọn?"

Mo ní, "Ìdá méjì nínú mẹ́fà," tayọ̀tayọ̀.

Ọlátúndé yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Bámgbóyè yíjú sí Nímọ́tà.

"Kí lo rí sí èsì Bàbá?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Bàbá gbìyànjú sà."

Bámgbóyè kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Bó bá rí báyìí ní ọjọ́ náà, n kò ní lè sọ nǹkan kan nítorí rẹ." Ó wá bá mi rìn dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, mo rí i pé ẹ fẹ́ràn ọmọ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹ́ràn rẹ̀ báyẹn."

Mo bínú sí i títí oúnjẹ fi tutù. Ta ló ní kí ó kọ́ mi ní bí a ṣe ń fẹ́ràn ọmọ? Nígbà tí mo jẹun tán ni mo rí i pé òótọ́ ló sọ.

Ìṣẹ́gun, 27 Ṣẹ́rẹ́

Mo sọ fún Nímọ́tà pé láti òní lọ, ìdá méjì nínú márùn-ún ni èsì mi sí ìbéèrè ọjọ́ ọsàn, n kò ní yí i padà, títí yóò fi la ẹnu sọ fún mi pé mo ṣì í. Ó bẹ̀bẹ̀. Mo kọ̀. Ó gba ilé ìdáná lọ, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí Ìyá Gbénga kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Màmá, báwo lẹ̀yin ṣe ń sọ ọ́ fún Bàbá?"

"Èmi? N kì í wò ó lójú. Mo máa ń bẹ iṣu, tàbí kí n máa ṣa ẹ̀wà, màá kàn sọ ọ́ bí mo ṣe ń ṣa á lọ. Ìwọ, o ó lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ bíi pé ọba ni. Kí lèèyàn fẹ́ rí sọ lórí ìkúnlẹ̀ ju 'kábíyèsí' lọ?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 31 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n ti túnu ààwẹ̀. Nímọ́tà gbé ẹran díndín wá láti ilé wọn, abọ́ kan tó kún. Ó jókòó ti Ìyá Gbénga, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bẹ iṣu; Ìyá Gbénga bá mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá èèpo. Ó gé ọ̀kan sí méjì, ó na ìdajì sí mi.

"Bàbá, ẹ gbà á mú." Kò gbójú sókè. Ó mú iṣu kejì tó gùn bíi ti àkọ́kọ́, ó gé e sí márùn-ún, ó to méjì nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdajì ọwọ́ mi. "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló gùn jù?"

Mo wò ó. Ìdajì ọwọ́ mi ló gùn jù.

"Ìdajì ti wà lọ́wọ́ yín kí n tó fi nǹkan kankan kún un," ló wí, ọ̀bẹ ń lọ, èèpo ń já bọ́. "Mo wá fi kún un. Báwo ló ṣe wá kéré sí ti tẹ́lẹ̀? Ẹ ti ṣì í, Bàbá."

Ìyá Gbénga ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní ti ọsàn ńkọ́. Ó ní, "Ọsàn yín, márùn-ún ni. Ẹ kó márùn-ún jọ, ẹ ka èyí tó bàjẹ́. Ẹ kò fi nǹkan kan kún ìdajì ọsàn kankan. Iṣu yìí, ẹyọ kan ṣoṣo là ń sọ." Ó gé iṣu mìíràn sí mẹ́fà. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ méjì. Ó tì wọ́n sún mọ́ ara wọn níwájú mi. Márùn-ún nínú mẹ́fà.

Ohun tí mo ń béèrè látọjọ́ yìí ni ọmọ náà ṣe, ó sì yẹ kí n yọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní parọ́, ó dùn mí. Mo ní n kò jẹ iyán tí wọ́n bá fi iṣu yẹn gún. (Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n tún bu sí i.)

Ajé, 9 Èrèlé

Bámgbóyè ní kò sí ọ̀bẹ àti iṣu ní Ìgèdè, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì ṣe é. Nímọ́tà bá ń ya iṣu sórí ilẹ̀kùn wa. Bó bá fẹ́ sọ fún mi pé mo ṣì í, yóò máa ya àwòrán náà lọ, yóò sì sọ ọ́ sínú rẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí. Ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti sọ ọ́.

Iṣu rẹ̀ kò jọ iṣu. Ọ̀pọ̀lọ́ ló jọ. Mo sọ fún un.

Ọjọ́rú, 18 Èrèlé

Ọ̀tunla ni ìdánwò. Bámgbóyè wá kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dé Ìgèdè. "Bàbá, bó bá rí yín, yóò kúnlẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. N kò sọ pé mo gbà.

Àbámẹ́ta, 21 Èrèlé

Mo lọ.

Kò sí epo, ọkọ̀ kò pọ̀. Ọkọ̀ tó lọ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló gbé mi, mo jókòó sórí àpò òfìfo lẹ́yìn rẹ̀, eruku kún etí mi. Mo bá olùkọ́ tó ń bójú tó kíláàsì náà lẹ́nu ọ̀nà, mo ní mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ kàwé?"

"Bí kò bá ṣe báyìí, ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?"

Ó jẹ́ kí n wọlé. Mo jókòó sí ìlà kejì láàárín télọ̀ kan àti obìnrin kan tó ń ta ata. Olùdánwò wà lẹ́yìn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi awò sójú. Bámgbóyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó fọwọ́ bojú.

Nímọ́tà wọlé. Ó kí gbogbo wa. Ojú rẹ̀ kàn mí, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò yẹ kí n wá. Ó ṣa á nílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti padà sí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó kọ ìbéèrè sórí pátákó, ó kà á fún wa: bí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú ìdajì, kí ló kù?

Kò sí ẹni tó nawọ́. Olùdánwò ń kọ nǹkan. Ọmọ náà dúró bí igi. Mo nawọ́. Lọ́tẹ̀ yìí n kò ṣe é láti ràn án lọ́wọ́ lọ́nà ẹ̀bùrú. Ó dá mi lójú pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Kò ku nǹkan kan. Ọ̀kan kúrò nínú ọ̀kan, ó ti tán."

Ó wò mí. Mo rí i tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó wá yí ẹ̀yìn padà sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ sórí pátákó, ó ń là á sí mẹ́fà, ó sì ní, "Rárá, Bàbá. Kò rí bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan ní ìlà iwájú, ọ̀gá àwọn awakọ̀, dìde dúró. "Háà! Ṣé bí o ṣe ń bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn?"

Kíláàsì ń kùn. Obìnrin aláta ní, "Ẹ tún wò ó." Bíírò olùdánwò dúró lójú kan. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi láti kọ lu ọkùnrin yẹn, kí n bi í pé ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Mo rántí ohun tí Bámgbóyè sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, pé kí n má fẹ́ràn ọmọ náà báyẹn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ǹṣì mú.

Nímọ́tà yíjú padà. Ó kọjú sí ọ̀gá awakọ̀ náà.

"Sà, nílé, bàbá mi kì í bi mí ní ìṣirò. Ẹ̀yin lẹ kúrò ní gáréèjì, tí ẹ ní kí n wá kọ́ yín. Bí mo bá ní ó tọ̀nà nígbà tí kò tọ̀nà, tí àwọn èrò bá wá yàn yín jẹ ní gáréèjì, ṣé ẹ kò ní padà wá bú mi?"

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo kíláàsì bá a rín in. Ọ̀gá awakọ̀ náà jókòó, ó ní, "Ó gbọ́n o."

"Bàbá," ó ń bá mi sọ̀rọ̀, "ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta, èwo ló tóbi jù?"

"Ìdajì."

"Tí a bá yọ kékeré kúrò lára ńlá, ṣé kò ní ku nǹkan kan?"

"Ó máa kù." Mo wo pátákó. Mẹ́ta nínú mẹ́fà, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì pa méjì rẹ́. "Ọ̀kan. Ọ̀kan nínú mẹ́fà."

"Ó tọ́, Bàbá."

Gbogbo "ẹ ṣeun sà" tó ti sọ fún mi láti oṣù tó kọjá, n kò lè fi wọ́n pààrọ̀ "ó tọ́" kan yẹn.

Lẹ́yìn kíláàsì, ó wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò. "Bàbá, kí lẹ wá ṣe níbí? Ẹ fẹ́ pa mí ni?" Kò kúnlẹ̀. Bámgbóyè kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Adó.

Ìṣẹ́gun, 3 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Èsì kò tíì dé. Mo lọ wo ebè, mo tètè padà.

Àbámẹ́ta, 7 Ẹrẹ́nà

Ó yege! Bámgbóyè wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọlátúndé náà yege. Bámgbóyè ní olùdánwò bi òun bóyá òun ló gbé bàbá kan báyìí wá sí Ìgèdè láti dán ọmọ náà wò. Òun ní rárá, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé síbi kankan ni.

Nígbà tó di ọ̀sán, Nímọ́tà dé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ láti dúpẹ́. Sùnmọ́nù ga, ó wọ agbádá tó dára, ó gbé aṣọ kan wá fún Ìyá Gbénga. A jókòó. Nímọ́tà ń bu omi fún wa. Sùnmọ́nù ní inú òun dùn, ọmọ òun ti kàwé tán, orúkọ òun kò bàjẹ́. Ó ní, "Ó kù kó wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ẹni tó mọ ìṣirò tó báyìí ló yẹ aṣọ títà."

Omi ń dà sínú ife rẹ̀. Nímọ́tà kò dá a dúró.

"Rárá, Bàbá," ló wí. "Ìgbẹ̀mọ ni mò ń lọ. Wọ́n ti ń dúró dè mí."

Ife kún. Sùnmọ́nù kò gbé e. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò. Ìyá Gbénga tó ń gbọ́n aṣọ tuntun náà dá ọwọ́ dúró. Ọkùnrin náà yíjú sí mi.

"Bàbá, ṣé ohun tí ẹ kọ́ ọmọ mi nìyí?"

Mo ní, "Èmi kọ́ o. Òun ló kọ́ mi."

Ó gbé ife náà, ó mu ún tán, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀ kó bu sí i. "Báwo ni ọ̀nà Ìgbẹ̀mọ ṣe rí lásìkò òjò yìí?" ló bi í.

---

Ibí ni Bàbá ní kí n dúró sí. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjì yìí. Ọlátúndé tó bá wọn wá ní òun lè kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní ìṣirò ni àwọn wọ ilé-ìwé fún, kí ó má dààmú àwọn. Wọ́n tẹ àtàǹpàkò òsì wọn síbí, tàdáwà ni a fi ṣe é.

Àmì Ọmọ́níyì Oyèmọ́lá, Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì.

Ẹlẹ́rìí: J. A. Bámgbóyè, olùkọ́.

Ẹlẹ́rìí: Nímọ́tà Sùnmọ́nù, olùkọ́.